Hilux àtijọ́ tó ń ké ká-ká-ká níwájú: ṣé odindi axle ni kó pààrọ̀ ni, àbí họ́ọ̀bù?

Ìbéèrè tó wọlé sọ́dọ̀ mi rèé, bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni mo wà, kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo máa ń rà nínú oko tí mo ń kó wá sí títì. Hilux 1994 ni mo ń lò, fọ́ọ̀wíìlì, èyí tó ní họ́ọ̀bù tí wọ́n ń fọwọ́ yí níwájú. Láti bí oṣù méjì báyìí, tí mo bá ti wọ fọ́ọ̀wíìlì tí mo sì fẹ́ kọ́nà nínú ẹrẹ̀, táyà iwájú ọwọ́ òsì á máa ké ká-ká-ká, òróró dúdú sì ń sun jáde lẹ́yìn táyà ọ̀hún. Mẹkáníìkì kan ní kí n lọ ra odindi axle tòkunbọ̀ ní ọjà Ládìpọ̀ l'Ékòó. Èkejì ní họ́ọ̀bù ló bàjẹ́, kí n gbé ọ̀tọmátíìkì sí i. Ẹ̀kẹta ní ká kúkú yọ ṣáàfù iwájú méjèèjì dànù kí n máa fi táyà ẹ̀yìn rìn. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀, òjò sì ti dé. Èwo ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, o kú wàhálà, o kú ọ̀nà oko. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé èèyàn mẹ́ta ló ti bá ọ wo mọ́tò yìí, ohùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì fọ̀ fún ọ, àmọ́ o ò sọ pé ọ̀kankan nínú wọn tú táyà kúrò wo inú ẹ̀. Ìyẹn ló ká mi lára jù. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ń ṣe axle iwájú, òun náà ni mo ṣì ń ṣe ní Adó níbí, bí o sì ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yẹn, ọkàn mi ń sọ fún mi pé jọ́ìnì orí ṣáàfù òsì ló ń ké, síìlì inú ló ń da òróró, axle fúnra ẹ̀ lè máà ní nǹkan kan tó ṣe é, họ́ọ̀bù náà sì lè máà mọwọ́mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o kàn gba tèmi gbọ́ bí o ṣe gba tàwọn tó kù, jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ìwọ náà lè dúró ti ẹni tó bá fẹ́ tú u kí o sì mọ ohun tó ń ṣe.

Hilux tìrẹ yẹn, tó bá jẹ́ pé síprín iwájú ẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn bíi ti ẹ̀yìn, á jẹ́ pé axle iwájú ẹ̀ jẹ́ odindi irin kan láti táyà dé táyà. Agbára ẹ́ńjìnnì á gba inú gíà kékeré, èyí tó ń pín in síwájú àti sẹ́yìn, á gba pùròpẹ́là iwájú, á wọ dífù, dífù á wá pín in fún ṣáàfù méjì, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ torí dífù ò sí láàárín gbùngbùn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tọ̀tún ò lè wọ òsì. Ní òpin ṣáàfù kọ̀ọ̀kan, nínú ìkòkò irin roboto tó wà lẹ́yìn táyà, jọ́ìnì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Birfield, bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ṣáàfù lè máa yí nígbà tí o bá ṣẹ́ táyà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Orí jọ́ìnì yìí ló yọ síta dé inú họ́ọ̀bù. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ṣáàfù yìí ò gbé táyà dúró rárá, bíárìn méjì, ti inú àti ti ìta, ló gbé e dúró, ṣáàfù kàn gba àárín wọn kọjá ni. Họ́ọ̀bù ló wá dà bí ìkọ́ tó so táyà mọ́ ṣáàfù: tó bá wà ní FREE, ìkọ́ ti tú, táyà ń dá yí, ṣáàfù àti dífù àti pùròpẹ́là iwájú ń sùn, tó bá wà ní LOCK, ìkọ́ ti wọlé, gbogbo wọn á jọ máa yí. Nítorí àwọn jíìpù ológun tó kù lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni Arthur Warn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú họ́ọ̀bù yìí ní Amẹ́ríkà ní 1948, kí wọ́n lè máa gbá títì geere láìjẹ́ pé gbogbo irin iwájú ń yí lásán.

Tí o bá ti lóye ìyẹn, o ti ní ohun tí wàá fi dán an wò láìná kọ́bọ̀. Wá ilẹ̀ iyanrìn tàbí pápá, má ṣe é lórí títì ọ̀dà o, yí họ́ọ̀bù méjèèjì sí LOCK, wọ H4, ìyẹn fọ́ọ̀wíìlì, ṣẹ́ sítíárìn dé òpin, kí o rọra máa lọ kí o fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, padà sí H2, ìyẹn táyà ẹ̀yìn nìkan, yí họ́ọ̀bù sí FREE, kí o tún kọ́nà kan náà. Tí ariwo bá dákẹ́, nínú ohun tó ń sùn nígbà FREE ló wà, jọ́ìnì ló sábà máa ń jẹ́. Tó bá ṣì ń ké ní FREE, á jẹ́ pé bíárìn táyà ni tàbí búrékì, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá nìyẹn, odindi axle lo ì bá sì ti rà lórí bíárìn kan. Tó bá wá jẹ́ pé kì í ṣe ká-ká-ká, tó jẹ́ gbàgà! gbàgà! tí mọ́tò ò sì fa rárá, nígbà yẹn ni mo máa fura sí họ́ọ̀bù tó ń yọ̀ tàbí ṣáàfù tó ti ṣẹ́.

Òróró yẹn wá ńkọ́? Fi ìka kàn án kí o gbọ́ òórùn ẹ̀. Gírísì ló yẹ kó wà nínú ìkòkò yẹn, òróró gíà ló wà nínú dífù, síìlì kékeré kan bí ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọdé ló sì dá àwọn méjèèjì lẹ́kun. Tí síìlì yìí bá gbó, tó le bí igi, òróró dífù á wọ inú ìkòkò, á fọ gírísì kúrò lára jọ́ìnì, wọ́n á pò pọ̀ di omi dúdú, rọ́bà àti fẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn ìkòkò ò sì lè dá omi dúró, gírísì nìkan ló mọ̀ ọ́n dá dúró, bó ṣe ń sun sórí táyà nìyẹn. Òróró gíà máa ń rùn bí imí-ọjọ́, tí o bá gbọ́ òórùn yẹn lára ohun tó ń sun, síìlì inú ni. Ní ọdún tó kọjá wọ́n gbé ọ̀kan wá bá mi láti apá Ìkògòsì, nígbà tí mo tú u, omi dúdú tó tú jáde kún kòǹgò mílíìkì méjì, mo wá fa jọ́ìnì jáde, ó ń dán gbinrin bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iyanrìn fọ̀, kò sí gírísì kankan lára ẹ̀, ojú ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà ti di búlúù, iná ti ràn án. Ẹni yẹn náà ti ń gbèrò àtira axle. Síìlì tí owó ẹ̀ ò tó owó epo tó rà wá sí Adó ló fa gbogbo ẹ̀. Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń gbàgbé: ihò èémí kan wà lórí axle yẹn. Tí ẹrẹ̀ bá dí i, axle tó ti gbóná á máa ti òróró gba ojú síìlì jáde, tí o bá sì gbé axle gbígbóná wọ odò tútù, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á súnkì, á fa omi wọlé. Tí òróró dífù rẹ bá rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́, da gbogbo ẹ̀ nù, la ihò èémí yẹn kí o tó da tuntun sí i. Àwọn tó ń gba odò kọjá lọ sóko lójoojúmọ́ bíi tìẹ, kí wọ́n so rọ́bà gígùn mọ́ ọn, kí wọ́n gbé ẹnu rọ́bà yẹn sókè sínú ilé ẹ́ńjìnnì.

Jọ́ìnì tó bá ti ń ké, ojú ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà ti jẹ wọnú ni. Kò sí gírísì tó máa wò ó sàn, ẹni tó bá ní kí o kàn fa gírísì sí i, ọ̀sẹ̀ méjì ló ń fún ọ. Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, ra jọ́ìnì mìíràn, tòkunbọ̀ tó jẹ́ ti Toyota gan-an tí kò tíì jẹ dùn mọ́ mi ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, torí mo ti rí tuntun tó fọ́ bí àwo nínú oṣù mẹ́ta. Kí o tó sanwó, mú ti àtijọ́ lọ́wọ́, ka eyín orí ẹ̀ àti eyín inú ẹ̀, gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, torí Toyota ò ṣe é ní oríṣi kan. Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tí owó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀: yọ jọ́ìnì òsì àti tọ̀tún kúrò lórí ṣáàfù wọn kí o pààrọ̀ wọn síra wọn. Torí pé iwájú lo sábà ń lọ, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni bọ́ọ̀lù ti ń jẹ nínú ihò ẹ̀, tí o bá gbé òsì sọ́tùn-ún, ẹ̀gbẹ́ tí kò tíì jẹ ló máa wá máa ti bọ́ọ̀lù. Ó ń ṣiṣẹ́, mo ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n àkókò lo fi rà, kì í ṣe àtúnṣe tó máa tọ́jọ́, tí irin ẹ̀ bá sì ti sán, má dán an wò rárá.

Ní ti họ́ọ̀bù, dán an wò kí o tó bú u. Fi òkúta há táyà ẹ̀yìn méjèèjì, gbé iwájú sókè, má fi jákì nìkan gbé e o, fi ìdúró irin tì í lábẹ́. Pa ẹ́ńjìnnì, wọ H4, wọ gíà kìíní, yí họ́ọ̀bù méjèèjì sí LOCK, kí o wá fọwọ́ yí táyà kan. Táyà kejì gbọ́dọ̀ yí lọ sí òdìkejì. Tí èyí tí o ń yí bá ń dá yí fúnra ẹ̀ tí èkejì dúró gbagidi, ọ̀kan nínú họ́ọ̀bù ò wọlé tàbí ṣáàfù kan ti ṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn yí wọn sí FREE, kí táyà kọ̀ọ̀kan máa dá yí. Ọ̀pọ̀ họ́ọ̀bù tí wọ́n ń jù nù, ìpata àti gírísì gbígbẹ ló wà nínú wọn, tí o bá fi epo pẹtiróòlù fọ̀ wọ́n, tí o fi gírísì fẹ́ẹ́rẹ́ pa wọ́n lára, wọ́n á tún jí. Gírísì fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo wí, torí tí wọ́n bá dì í ní gírísì dídì, síprín kékeré inú ẹ̀ ò ní lágbára láti ti ìkọ́ wọlé. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi páláyà yí ojú ẹ̀, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yí i, tó bá le, rọra ti mọ́tò síwá-sẹ́yìn díẹ̀ kí eyín lè bá ara wọn mu. Méjèèjì sì gbọ́dọ̀ wà níbì kan náà, kì í ṣe òsì ní LOCK, ọ̀tún ní FREE.

Ẹni tó ní kí o gbé ọ̀tọmátíìkì sí i, mi ò ní bá a jà, ó rọrùn fún ẹni tí kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò. Ṣùgbọ́n wo irú ọ̀nà tí ìwọ ń rìn. Agbára tó ń ti ṣáàfù ló ń jẹ́ kí họ́ọ̀bù ọ̀tọmátíìkì àtijọ́ kọ́ra, tí o bá rì sínú ẹrẹ̀ tí o ń lọ síwájú tí o ń bọ̀ sẹ́yìn kí o lè jáde, gbogbo ìgbà tí o bá yí padà ló lè tú kí ó tún kọ́, níbẹ̀ ló ti ń jẹ eyín ara ẹ̀. Tí o bá sì padà sí H2, ó di dandan kí o wọ rìfáásì lọ sẹ́yìn bíi mítà kan sí méjì kó tó tú. Fún òkè Ẹ̀fọ̀n àti ọ̀nà oko, aláfọwọ́yí ni mo fara mọ́, Aisin tó bá Toyota jáde, tàbí Warn, tàbí AVM, tó bá ṣáà ti jẹ́ ojúlówó.

Ká wá sórí odindi axle, torí ibẹ̀ lowó ńlá wà, ibẹ̀ náà sì lewu ẹ̀ wà. Toyota ṣe dífù Hilux ní oríṣiríṣi, 4.10 wà, 4.30 wà, 4.56 wà, 4.88 náà wà. Iye ìgbà tí pùròpẹ́là ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí o bá wọ fọ́ọ̀wíìlì, ọ̀kan á fẹ́ sáré ju èkejì lọ, wọ́n á máa fa ara wọn títí nǹkan kan á fi ṣẹ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ mi, ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Oníbàárà kan ra axle tó mọ́ tónítóní wá láti Èkó, ẹni tó tà á fún un búra pé ọ̀kan náà ni, mo gbà á gbọ́, mi ò kà á. Lórí H2 kò sí ìṣòro kankan fún bí oṣù kan. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà wọ H4 nínú oko rẹ̀ lẹ́bàá Ìgbàrà-Odò, sítíárìn le gbagidi, táyà ń ta, kí ó tó dé òpin oko, gíà kékeré ti fọ́. Ó dùn mí títí dòní, torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ì bá gbà mí láti kà á: gbé táyà méjèèjì sókè, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táyà àti pùròpẹ́là, kí èèyàn méjì jọ yí táyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan soso síbì kan náà, kí ẹ̀kẹta ka iye ìgbà tí pùròpẹ́là yí. Ṣe é níwájú, ṣe é lẹ́yìn. Nígbà náà, ìgbà wo ni odindi axle tọ́? Tí irin axle bá ti tẹ̀ tàbí tó sán, tí eyín dífù ti fọ́, tàbí tí ìpata ti jẹ ojú irin roboto yẹn tó fi jẹ́ pé kò sí síìlì tí kò ní gé. Tí àwọn yìí bá kóra jọ, mo gbà, axle tòkunbọ̀ lè dínwó ju kí o máa ra nǹkan ní ẹyọ-ẹyọ lọ. Ṣùgbọ́n rántí pé síìlì tirẹ̀ náà ti gbó, wàá ṣì tú u.

Yíyọ ṣáàfù dànù ò burú tó bí o ṣe rò. Lórí irú Hilux tìrẹ, táyà ò ní bọ́, torí bíárìn ló gbé e dúró bí mo ṣe sọ, wàá kàn dí ojú ibi tí ṣáàfù ti jáde kí òróró dífù má bàa dà. Àwọn tí wọn ò kúrò lórí títì Adó sí Ìkẹ́rẹ́ lè fi ìyẹn dúró dowó. Ìwọ tí ò ń gbé kòkó gun òkè nínú òjò, mi ò rò pé ó bá ọ mu. Mo sì bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí tí mọ́tò tiẹ̀ ní ṣáàfù olójú rọ́bà méjì níwájú, tí kò ní odindi axle, má ṣe yọ tìrẹ láìbéèrè, torí nínú àwọn kan, orí ṣáàfù yẹn ló di bíárìn mú, tí o bá yọ ọ́, táyà lè bọ́ lójú ọ̀nà.

Tí iṣẹ́ bá wá bẹ̀rẹ̀, ra síìlì inú àti síìlì ìta fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òsì ló ń ké lóòótọ́ ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Họ́ọ̀bù yẹn, wáṣà ṣóńṣó mẹ́fà ló dì í mú lábẹ́ nọ́ọ̀tì, wọn kì í jáde bọ̀rọ̀, kí mẹkáníìkì tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, kó fi irin bàbà sáàárín kó máa fi hámà gbá a, wọ́n á ta jáde fúnra wọn, ẹni tó bá gbé ṣísù sí i, gba iṣẹ́ rẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Nọ́ọ̀tì bíárìn inú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 54, sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wà, wọn kì í fi ṣísù gbá òun náà. Bíárìn kékeré méjì tún wà lókè àti nísàlẹ̀ ìkòkò, àwọn ni sítíárìn ń fi yí, tí mọ́tò bá ti ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ tí o bá ń sáré bíi 60 sí 70, pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ wọn padà síbi tí wọ́n ti jáde, ti òkè sókè, ti ìsàlẹ̀ sísàlẹ̀. Gírísì dúdú tó ní molybdenum ni kó wọ jọ́ìnì, kí ó kún inú ìkòkò bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Nọ́ọ̀tì bíárìn táyà, kọ́kọ́ fún un le díẹ̀, yí táyà kó jókòó, tú u, kí o wá tún un fún fẹ́ẹ́rẹ́, kí o tẹ etí wáṣà rẹ̀ mọ́ nọ́ọ̀tì. Nígbà tí wọ́n bá ń dé họ́ọ̀bù padà, kí ojú rẹ̀ wà ní FREE, kí wọ́n má sì gbàgbé kílíìpù orí ṣáàfù.

Lẹ́yìn èyí, má wọ fọ́ọ̀wíìlì lórí ọ̀dà gbígbẹ. Tí o bá kọ́nà, ọ̀nà tí táyà iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, nínú ẹrẹ̀ táyà á yọ̀ kí ara wọn lè balẹ̀, lórí ọ̀dà wọn ò lè yọ̀, jọ́ìnì àti họ́ọ̀bù ló máa gbà á. Àmọ́ má jẹ́ kó sùn ṣáá náà o, ìwé Toyota ní kí èèyàn máa lo fọ́ọ̀wíìlì fún ó kéré tán kìlómítà 16 lóṣù kan, kí òróró lè dé gbogbo ara ẹ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn wá ilẹ̀ iyanrìn fún un.

Mi ò rí mọ́tò yìí, mi ò gbọ́ igbe ẹ̀ létí ara mi, ojú irin ló máa sọ èyí tó jẹ́ òtítọ́. Tí wọ́n bá tú u tí irin axle tẹ̀ tàbí tí o rí èérún irin nínú òróró dífù, ọ̀rọ̀ yí padà, ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó ra nǹkankan. Tó bá jẹ́ síìlì àti jọ́ìnì ni, ṣe é, máa lo mọ́tò rẹ. Tí o bá ti rin bíi 100 kìlómítà, gbé táyà iwájú sókè, di òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú kí o mì í, tí ó bá ń mì, bíárìn ti jókòó wọlé sí i, kí wọ́n tún nọ́ọ̀tì 54 yẹn fún díẹ̀.